Ẹ gbọ́ tèmi kí ẹ tó ra pírójẹ́tọ̀ fún iṣẹ́ àmì ohùn

Olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ ní ilé-ìwé yín fẹ́ ra pírójẹ́tọ̀ fún iṣẹ́ Yorùbá, ẹ sì ń béèrè bóyá ó dára fún kíkọ́ àwọn ọmọ JSS 1 ní àmì ohùn, àti ìgbà tó yẹ kí olùkọ́ mú ohun èlò jáde nínú iṣẹ́. Ojú mi ti rí màbo lórí ọ̀rọ̀ yìí, n kò sì fẹ́ kí ojú tiyín náà rí i.

Lọ́dún tí ìsípẹ́kítọ̀ ń bọ̀ ní kíláàsì mi, wọ́n ti kìlọ̀ fún wa pé olùkọ́ tí kò bá lo ohun èlò ìgbàlódé, máàkì rẹ̀ yóò wálẹ̀. Mo yá pírójẹ́tọ̀, mo sì fi òru méjì tẹ iṣẹ́ náà sórí kọ̀ǹpútà mi nílé: ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀, pẹ̀lú àwòrán fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nílé, gbogbo rẹ̀ gún régé. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ilé-ìwé ni a so mọ́ ẹ̀rọ náà lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, fọ́ǹtì (irú àwòṣe lẹ́tà) tí mo lò kò sì sí nínú rẹ̀. Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bọ́ sára ògiri, gbogbo ọ ti di àpótí kékeré tó ṣófo, k nìkan ló dúró láàárín wọn. Mo ní kí ọmọbìnrin kan níwájú ka ọ̀rọ̀ kẹta. Ó wo ògiri, ó wojú mi, ó ní, "Sà, k nìkan ni mo rí." Ìsípẹ́kítọ̀ ń kọ̀wé ní tirẹ̀. Bí mo ṣe ń tẹ èyí tí mo ń tẹ ìyẹn, tí ọwọ́ mi ń gbọ̀n, ni iná lọ. Jẹnẹrétọ̀ wà, epo kò sí nínú rẹ̀. Aṣọ tí mo fi bo fèrèsé kí àwòrán lè hàn ló wá sọ kíláàsì di òkùnkùn.

Mo ká aṣọ kúrò, mo rán ọmọ kan lọ mú gángan ẹgbẹ́ àṣà wá. N kì í ṣe onílù, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé bí a bá fún ọsán rẹ̀, ohùn á lọ sókè, bí a bá dẹ̀ ẹ́, ohùn á wálẹ̀. Mo lu ohùn ọ̀rọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà: re-re, re-mí, re-dò, dò-dò. Nígbà tí mo tún lu re-dò, ọmọkùnrin kan pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Ọkọ̀ tí à ń wọ̀ ni!" Ṣé ẹ mọ ohun tó wà nínú ìwé tí wọ́n kọ nípa mi? Pé n kò lo ohun èlò ìgbàlódé. Ẹni tó kọ ọ́ kò bi ọmọ kan ṣoṣo léèrè bóyá ó gbọ́ ìyàtọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ náà. Ó dùn mí dé akínyẹmí ara, ó sì ń dùn mí títí di òní, nítorí pé etí ni a fi ń mọ ohùn, kì í ṣe ojú.

Bí wọ́n bá fi dandan lé pírójẹ́tọ̀, ẹ mọ èyí: kọ̀ǹpútà ní ààyè kan fún ọ, ṣùgbọ́n kò ní ààyè kan ṣoṣo fún ọ́. Ńṣe ló máa ń gbé àmì òkè lé ọ lórí, bí fọ́ǹtì kò bá sì mọ̀ ọ́n gbé, àmì náà á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ sọ iṣẹ́ yín di PDF, ìyẹn fáìlì tó lè gbé fọ́ǹtì rẹ̀ dání, kí ẹ sì ṣí i lórí kọ̀ǹpútà ilé-ìwé gan-an ní ọjọ́ tó ṣáájú. Bí ẹ bá fẹ́ kọ àwọn ọ̀rọ̀ náà sórí káàdì pélébé, ìyẹn kò ní wàhálà, ẹ gé káàdìbọ́ọ̀dù, ẹ fi máàkà kọ wọ́n.

Ẹ má sì ra àtẹ álífábẹ́ẹ̀tì láìkà á. Lẹ́tà 25 ni tiwa, kọ́ńsónáǹtì 18 àti fáwẹ̀lì 7, ṣùgbọ́n 24 ni mo bá lára èyí tí mo rà, torí pé gb kò sí níbẹ̀, àwọn ọmọ mi sì ti ń kà á bẹ́ẹ̀ kí n tó rí i. Fún òǹkà, ọmọ ayò 48 tó wà nínú ọpọ́n kan tó yín: ẹ jẹ́ kí ọmọ ka 20, kí ó mú 5 kúrò, yóò rí ìdí tí 15 fi ń jẹ́ ẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Ní ti ìgbà tí ẹ béèrè, kí ẹ tó kọ ohunkóhun sójú pátákó ni kí ẹ ti mú ìlù jáde. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ, kí wọ́n pe ọ̀rọ̀ náà, kí ẹ tó wá fi àmì lé e. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ìlù náà pamọ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ojú wọn kò ní kúrò lára rẹ̀. Gángan ni kí ẹ kọ́kọ́ rà. Bí owó bá ṣẹ́kù, ẹ ra sípíkà kékeré tó ń lo bátìrì, kí ẹ sì fi fóònù yín gba ohùn àwọn àgbàlagbà àdúgbò bí wọ́n ṣe ń pe àwọn ọ̀rọ̀ náà.