Mọ́tò mi ń fà sápá ọ̀tún, ṣé táyà ni kí n rà?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Corolla ni mò ń wà, Ìbàdàn sí Èkó. Mo já sí gálọ́ọ̀pù kan lọ́jọ́ òjò, mẹkáníìkì mi bá mi pààrọ̀ táì-rọ́ọ̀dù apá ọ̀tún, àmọ́ látìgbà yẹn tí mo bá ń lọ tààrà sìtíárìn máa ń wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, mọ́tò á sì máa fà mí sọ́tùn-ún. Ó ní kí n ra táyà iwájú méjì. Ṣé táyà ni lóòótọ́? (Onímọ́tò, Mókọ́lá)

ÌDÁHÙN: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ra táyà. Táì-rọ́ọ̀dù ló ń darí ibi tí ẹsẹ̀ iwájú kọjú sí, tí wọ́n bá ti tú u tí wọ́n fi òmíràn síbẹ̀, aláínmẹ́ǹtì (kí wọ́n fi ẹ̀rọ to ẹsẹ̀ mọ́tò kó gún) di dandan, kò sẹ́ni tó lè fojú lásán wọ̀n ọ́n kó gún.

Àmọ́ kẹ́ ẹ tó lọ ṣe aláínmẹ́ǹtì, ẹ jẹ́ kí fọkanáísà fi géèjì wo atẹ́gùn táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nígbà tí wọ́n ṣì tutù, iye tó yẹ wà lára bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn dírẹ́bà. Tí tọ̀tún bá rọ̀ ju tòsì lọ, ọ̀tún náà ni mọ́tò máa fà sí. Bíréèkì tó há náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, ríìmù ẹ̀ á gbóná ju tàwọn yòókù lọ. Lẹ́yìn náà kí wọ́n fi jáàkì gbé e sókè kí wọ́n mi ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, tó bá ń mì jẹ̀gẹ̀jẹ̀gẹ̀ a jẹ́ pé bọ́ọ̀lù-jọ́ìǹtì (oríkèé tó so ẹsẹ̀ mọ́ abẹ́ mọ́tò) tàbí nǹkan míì ti jẹ, ẹ pààrọ̀ ìyẹn ṣáájú, torí aláínmẹ́ǹtì tí wọ́n bá ṣe sórí ohun tó ti jẹ, owó ṣòfò ni.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù rèé: ẹ yí sìtíárìn dé òpin kẹ́ ẹ wo ẹ̀gbẹ́ inú táyà, èyí tó kọjú sí abẹ́ mọ́tò. Táyà lè dà bíi tuntun níta kí inú ẹ̀ ti jẹ débi pé wáyà tó wà nínú rọ́bà ti yọ, tí irú ẹ̀ bá bẹ́ lórí ere lójú ọ̀nà Èkó, ẹ̀mí ló ń wá. Àti pé ibi tó ti jẹ yẹn ò lè lé omi kúrò lábẹ́ táyà mọ́, tí ọ̀nà bá tutù tí dáńfó bá já wọ iwájú yín, mọ́tò lè yọ̀ mọ́ yín lọ́wọ́. Tẹ́ ẹ bá rí wáyà, ẹ má gbé e débì kankan, ìgbà yẹn lẹ tó máa ra táyà, kẹ́ ẹ sì ṣe aláínmẹ́ǹtì lọ́jọ́ náà gan-an, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ tuntun náà á jẹ.

Tó bá jẹ́ pé sìtíárìn ń gbọ̀n lórí ere bíi kìlómítà 80 sí 100 ní wákàtí kan ni, bálánsì (kí ìwúwo táyà àti ríìmù dọ́gba yíká) nìyẹn o, owó ẹ̀ ọ̀tọ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbà á pọ̀ mọ́ aláínmẹ́ǹtì. Ojú ọ̀nà wa náà máa ń dagun díẹ̀ sọ́tùn-ún kí omi lè ṣàn, torí náà ibi tó tẹ́jú ni kẹ́ ẹ ti dán an wò. Ẹ rí i pé wọ́n de sìtíárìn sí àárín kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ sì gba bébà tó fi fígọ̀ àkọ́kọ́ àti tìgbẹ̀yìn hàn.