Ọjọ́ mẹ́ta ní Ògbómọ̀ṣọ́ pẹ̀lú ọmọ tí kò délé rí

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o, ẹ̀yin òbí. Leeds là ń gbé. Ọmọ mi méjèèjì, ọdún 15 àti 12, kò dé Nàìjíríà rí. Ògbómọ̀ṣọ́ ni ìlú bàbá wọn, ṣùgbọ́n kò sí ẹbí tí a lè dé sí ọ̀dọ̀ wọn mọ́, òtẹ́ẹ̀lì la máa sùn. Èyí ẹ̀gbọ́n fẹ́ mọ bí yunifásítì ṣe rí nílé, oúnjẹ ni èyí àbúrò ń béèrè. Ọjọ́ mẹ́ta la ní, láàárín Kérésì sí ọdún tuntun. Ṣé ó tó? Kí ni ká wò, kí ni ká rà, kí ló yẹ ká ṣọ́ra fún?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìnáwó ọmọ, ìyá wa. Ọjọ́ mẹ́ta tó. Àsìkò tí ẹ mú yẹn ni kò bá ohun tí ẹ ń wá mu.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH, yunifásítì ìlú náà, ló ń mú apá ọ̀nà Ìlọrin gbóná. Bí Kérésì bá ti ku ọjọ́ díẹ̀, wọ́n á ti wọkọ̀ lọ sílé. Under-G tó wà nítòsí géètì ilé-ìwé, tó kún fún ilé fọ́tòkọ́pì, alátùn-ún-ṣe fóònù, onísúyà àti àwọn tó ń se indomie, á dákẹ́. Ọyẹ́ náà ti dé nígbà yẹn. Bí eruku rẹ̀ bá bo ojú ọ̀run láàárọ̀, bàálù lè má lè balẹ̀ sí Ìlọrin, ọjọ́ kan á sì ti lọ nínú mẹ́ta yín.

Bó bá ṣeé ṣe, ẹ sún un sí ìsinmi Ọdún Àjíǹde. Máńgòrò àti kajú wà lójú ọ̀nà lásìkò náà, máńgòrò Ògbómọ̀ṣọ́ sì gbajúmọ̀ débi pé irú kan ń jẹ́ orúkọ ìlú náà. Kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ bá akẹ́kọ̀ọ́ tó wà níbẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́ sọ̀rọ̀, ẹ má fi kàlẹ́ńdà tí ilé-ìwé gbé síta nìkan ṣe é, torí ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ máa ń tì í síwájú. Bó bá jẹ́ December nìkan ló ṣeé ṣe, ẹ wá. Ààfin, ọjà àti oúnjẹ kì í lọ sí ìsinmi, àwọn ọmọ ìlú sì ń bọ̀ wálé nígbà náà. Ẹ ṣáà sọ fún èyí ẹ̀gbọ́n ṣáájú pé ọgbà tó dákẹ́ ló máa bá.

Abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, ẹ gbà á ó kéré tán ọjọ́ 10 kí ẹ tó wọ bàálù. Oògùn ibà ẹ̀fọn, ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà yín.

Láti Ìlọrin, ìrìn bíi wákàtí kan ni. Ìbàdàn jìn jù bẹ́ẹ̀, ó tó nǹkan bí ọgọ́rùn-ún kìlómítà, ẹ ó sì gba Ọ̀yọ́ kọjá. Ẹ má rin ọ̀nà yẹn lálẹ́. Tírélà pọ̀ níbẹ̀, èyí tó bá sì kú sójú ọ̀nà láìtan iná, ẹ ò ní tètè rí i. Ẹ háyà mọ́tò àti awakọ̀ fún ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nínú ìlú, kẹ̀kẹ́ Márúwá dáa, ṣùgbọ́n ẹ má gbé ọmọ sórí ọ̀kadà.

Ààfin ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, láàárọ̀. Ẹ kọ́kọ́ kí àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ẹ sọ ilé tí ẹ ti wá, kí ẹ sì gbàṣẹ kí ẹ tó ya fọ́tò. Kí ọmọkùnrin mọ̀ ọ́n dọ̀bálẹ̀, kí ọmọbìnrin mọ̀ ọ́n kúnlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi dánra wò ní Leeds. Ẹ sọ ìtàn fún wọn kí wọ́n tó wọlé: Ògúnlọ́lá ọdẹ tó tẹ ìlú dó, tó pa Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ tó ń da Ọ̀yọ́ láàmú láyé Aláàfin Àjàgbó, tó sì gbé orí rẹ̀ fún ọba. Ó-gbé-orí-Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ ló di Ògbómọ̀ṣọ́. Ọmọ tó bá ti gbọ́ èyí, ojú mìíràn ni yóò fi wo ààfin.

Láti ibẹ̀, ẹ lọ sí LAUTECH, kí ẹ mú ìwé ìdánimọ̀ dání fún àwọn ẹ̀ṣọ́. Ọdún 1990 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Orúkọ Ládòkè Akíntọ́lá tó ń jẹ́, ọmọ ìlú yìí ni, olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn àti Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, tí wọ́n pa ní January 1966. Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun jọ ni ín títí di 2020, kó tó di ti Ọ̀yọ́ nìkan. Bí àyè bá ṣì wà, ẹ yà ní ilé-ẹ̀kọ́ ìsìn àwọn Onítẹ̀bọmi, tó ti wà láti 1898.

Ní ti oúnjẹ, oríkì ìlú ti sọ ọ́: Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété, níbi tí wọ́n ti ń jẹ ọkà kí wọ́n tó mu ẹ̀kọ yangan. Ọkà yẹn ni àmàlà. Ẹ lọ jẹ ẹ́ láàárín aago mọ́kànlá sí aago kan ọ̀sán, nígbà tí wọ́n ṣì ń rò ó lórí iná. Gbẹ̀gìrì kì í pẹ́ kan. Èyí tí wọ́n sè láàárọ̀ tí wọn ò gbé kaná mọ́, ó lè ti yí òórùn padà kó tó di alẹ́, òun ló sì máa ń da inú àlejò rú, ẹ̀yin á máa rò pé ata ni. Ẹ ní kí wọ́n bu gbẹ̀gìrì àti ewédú fún èyí àbúrò, kí ọbẹ̀ ata wà nínú abọ́ lọ́tọ̀. Ṣíbí àmàlà méjì tó o. Omi inú ike tí ẹnikẹ́ni ò tíì ṣí ni kó mu.

Owó ńkọ́? Ẹ má gbójú lé káàdì ìlú òyìnbó, ẹ mú náírà dání, kí owó kéékèèké pọ̀ nínú rẹ̀.

Ní ọjà, èlùbọ́ ni kí ẹ rà. Kóńgò ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Ẹ bu díẹ̀, ẹ fi ìka méjì ra á wò: kó kúnná, kó gbẹ, kó má rùn bí ohun tó bu. Ẹ ro ìwọ̀n ṣíbí kan nínú omi gbígbóná. Èlùbọ́ iṣu á dúdú wálẹ̀. Bó bá funfun jù tó sì ń fà mọ́ ọwọ́, wọ́n ti po láfún mọ́ ọn. Ẹ jọ̀ ọ́ nílé, ẹ dì í sínú ọ̀rá méjì. Wàrà àti ẹran gbígbẹ, ibẹ̀ ni kí ẹ jẹ ẹ́ tán, UK kò gbà kí ẹ gbé e wọlé.

Bí ẹ bá gba Ìbàdàn padà, ẹ dúró ní Ọ̀yọ́ fún wákàtí méjì, ní ọjà Àkẹ̀sán níwájú ààfin Aláàfin. Igbá fínfín àti tìmùtìmù aláwọ ni iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Ẹ yí igbá náà sókè, ẹ wo inú rẹ̀ dáadáa. Bí ẹ bá rí ihò wínníwínní tí ìyẹ̀fun ń jábọ́ nínú rẹ̀, kòkòrò ti wà níbẹ̀. Ẹ dá a padà, kí ẹ mú òmíràn.