Bàbá Onímáṣíìnì: Ta ni yóò dúró dè mí ní oríta?

Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Onímáṣíìnì. Aláró ni mí ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta níbí, àdìrẹ ni mò ń ṣe. Máṣíìnì Bajaj kékeré kan ni mo fi ń kó aṣọ lọ fún àwọn oníbàárà mi ní Kútọ̀ àti Òkè-Ìlewó, ọdún kẹta tí mo ti ń gùn ún nìyí. Ọ̀rẹ́ mi kan ló mú mi dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ àwọn onímáṣíìnì níbí. Wọ́n láwọn ń lọ ṣe fàájì ní Ayétòrò lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, àárọ̀ lọ, ìrọ̀lẹ́ dé, wọ́n sì ní kí n bá àwọn lọ. Máṣíìnì àwọn kan nínú wọn ń bú bí kìnnìún. Ẹ̀rù ń bà mí pé wọ́n á sá fi mí sílẹ̀, n kò sì mọ ọ̀nà yẹn kọjá Rounder. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà ní London tún fi ìwé kan ránṣẹ́ sí mi lórí bí wọ́n ṣe ń tò lójú ọ̀nà. Ó ní apá ọ̀tún ni aṣíwájú ń wà. Àwọn ẹgbẹ́ ní apá òsì ni. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?
— Aláró, Ìtòkú

Aláró mi, o kú iṣẹ́. Kí n tó dá ọ lóhùn, jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe di egúngún lójú ọ̀nà Ayétòrò kan náà yẹn.

Máṣíìnì mẹ́sàn-án la jẹ́ lọ́jọ́ náà. Èmi ni mo kẹ́yìn, torí tèmi ló kéré jù. A sọdá afárá Láfẹ́nwá, a kọjá Rounder, kò pẹ́ sí i tí n kò rí ẹnikẹ́ni níwájú mi mọ́. Kí ni mo ṣe? Mo kó epo fún un, mo ń lé wọn. Kọ́nà kan yọ sí mi lójijì. Bí mo ṣe yí wọ inú rẹ̀ báyìí, funfun báláú ni mo rí lórí ọ̀dà. Láfún ni. Ìyá kan ló sá a sétí títì kó lè tètè gbẹ, bí àwọn ará oko wa ṣe ń ṣe, ó sì ti gba ìdajì ọ̀nà. Táyà iwájú wọ inú rẹ̀, ó yọ̀ bọ̀rọ́ bí òkèlè tó bá ilá pàdé. Ìgbà tí mo máa lajú, àárín ebè ẹ̀gẹ́ ni mo wà, máṣíìnì dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, táyà ẹ̀yìn ṣì ń yí, èmi náà funfun láti orí dé ẹsẹ̀. Ìyá náà sáré jáde. Láfún rẹ̀ ló kọ́kọ́ wò kó tó wo orúnkún mi. N kò bá a jà, mo sanwó. Ẹ̀gbá ni mí, mo fẹ́ràn láfún dáadáa, ṣùgbọ́n nínú àwo ni, pẹ̀lú ewédú.

Èyí tó dùn mí jù ni pé àwọn mẹ́jọ yòókù ti dé Ayétòrò, wọ́n ti jókòó, wọ́n ti ní kí wọ́n gbé ẹran wá, kí ẹnì kan tó rántí ka orí. Ó lé ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí mo lò láàárín ebè yẹn. Kò sí ìkà nínú wọn o. A kàn ṣètò oúnjẹ ni, a ò ṣètò ìrìn.

Nítorí náà, ìbéèrè kan ni kí o bi aṣíwájú yín kí o tó gbà láti lọ: "Ta ni yóò dúró dè mí ní oríta?" Bó bá ní kí o má ṣèyọnu, pé àwọn á máa wẹ̀yìn, jókòó sílé kí o máa rẹ aró rẹ. Bó bá ní ẹnì kejì ni, bá wọn lọ.

Bó ṣe ń lọ nìyí. Aṣíwájú wà níwájú, akẹ́yìn wà lẹ́yìn pátápátá, àwọn méjèèjì kì í kúrò nípò wọn. Akẹ́yìn á wọ jákẹ́ẹ̀tì tó ń tàn yanran kí gbogbo yín lè dá a mọ̀. Bí wọ́n bá dé ibi tí ọ̀nà ti yà, aṣíwájú á nawọ́ sílẹ̀ sí ibì kan, ẹni tó tẹ̀ lé e gan-an, òun ni ẹnì kejì, á yà síbẹ̀, níbi tí kò ti léwu tí àwọn tó ń bọ̀ á sì ti rí i láti òkèèrè, á wá máa júwe ọ̀nà fún wọn bí wọ́n ṣe ń dé. Kò gbọdọ̀ kúrò títí á fi rí jákẹ́ẹ̀tì akẹ́yìn. Ìgbà yẹn ló tó bọ́ sójú títì padà, níwájú akẹ́yìn. Ní oríta tó kàn, ẹlòmíràn ló ti di ẹnì kejì.

Ṣé o rí i báyìí pé kò sídìí tí wàá fi lé ẹnikẹ́ni? Máa lọ níwọ̀n eré tọ́wọ́ rẹ ká. Bí o bá dé oríta tí kò sẹ́nì kankan níbẹ̀, tààrà ni. Akẹ́yìn kò ní kọjá rẹ láé. Bó bá kàn ọ́ láti dúró, dúró, òjò ìbáà máa rọ̀. Bí akẹ́yìn bá pẹ́ jù kó tó yọ, nǹkan ti ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn nìyẹn. Má tìtorí ẹ̀ fi ibẹ̀ sílẹ̀, aṣíwájú ni yóò padà wá.

Nǹkan mìíràn tí n kò mọ̀ nígbà láfún yẹn: eré ẹni tó wà lẹ́yìn kì í bá ti ẹni iwájú dọ́gba. Bí aṣíwájú bá rọra tẹ bíréèkì nítorí gálọ́ọ̀pù, ẹni kẹsàn-án á fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró. Bí aṣíwájú bá tún ṣí i, ẹni kẹsàn-án á máa sá bí ẹni tájá ń lé. Aṣíwájú tó mọṣẹ́ kì í déédéé kó epo fún máṣíìnì rẹ̀ bó bá ti kúrò nínú gálọ́ọ̀pù. Á rọra máa lọ kí gbogbo ìrù tó jáde.

Ìwé ẹ̀gbọ́n rẹ kò parọ́, ti London ló wà níbẹ̀ ni. A kì í tò lẹ́sẹẹsẹ bí èèrà, a kì í sì í rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wa. Wo bí ojú ẹsẹ̀ èèyàn ṣe ń hàn lórí iyẹ̀pẹ̀, òsì, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún: bí a ṣe ń tò nìyẹn. Aṣíwájú máa ń wà lápá tó sún mọ́ àárín títì, kó lè ríran jìnnà, kí ọkọ̀ tó ń bọ̀ náà sì rí i. Apá òsì títì ni wọ́n ń gbà ní London, àárín títì wá bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tún wọn. Àwa náà ń gba òsì tẹ́lẹ̀, April 2, 1972 la bọ́ sápá ọ̀tún. Ọmọ ilé ìwé ni mí nígbà náà, mo sì rántí bí bàbá mi ṣe máa ń dá sọ̀rọ̀ lórí kẹ̀kẹ́, "ọ̀tún, ọ̀tún," bí ẹni ń pọfọ̀. Ọwọ́ òsì wa ni àárín títì wà báyìí, torí náà, ti ẹgbẹ́ rẹ ni kí o gbọ́.

Láàárín ìwọ àti ẹni tó wà níwájú rẹ gan-an lápá kan náà, fi ìṣẹ́jú-àáyá méjì sílẹ̀. Sí ẹni tó wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì, ọ̀kan. Bí ẹni iwájú rẹ lápá kan náà bá kọjá lára igi kan, rọra sọ ọ́ pé "Olúmọ kò ní kúrò lójú kan". Bí o bá dé ibi igi náà kí o tó sọ ọ́ tán, o ti sún mọ́ ọn jù. Ní 60 lórí ago, nǹkan bíi mítà 17 ni máṣíìnì ń rìn láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ní kọ́nà, níbi tí títì ti há, níbi tí láfún wà, ẹ pa títò yẹn tì, kí olúkúlùkù gba ojú kan náà, kí ìṣẹ́jú-àáyá méjì sì wà láàárín gbogbo yín.

Ní ti Bajaj rẹ, fọkàn balẹ̀. Ọ̀nà Ayétòrò kò ju bíi kìlómítà 35 lọ, ibi tí ọ̀dà bá sì ti hó, àwọn kìnnìún yẹn ni yóò máa rìn bí aláboyún, ìwọ á máa yà wọ́n kọjá. Ní òwúrọ̀ kí máṣíìnì tó gbóná, wọn afẹ́fẹ́ táyà. Fọwọ́ gbé ṣéènì nísàlẹ̀. Bó bá ń mì ju sẹ̀ǹtímítà 3 lọ, ó ti dẹ̀ jù. Kó epo kún, kí o sì sọ fún aṣíwájú bí táǹkì rẹ ṣe tó, torí táǹkì tó kéré jù ló ń sọ ibi tí gbogbo yín máa dúró sí. Mú ìwé ọkọ̀ dání: àwọn aṣọ́bodè pọ̀ lágbègbè Yewa.

Bàbá Onímáṣíìnì, ẹgbẹ́ wa ń rìn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìyàwó mi fẹ́ jókòó sẹ́yìn mi. Ìró àti bùbá tí àwọn obìnrin ẹgbẹ́ jọ rà ni wọ́n fẹ́ wọ̀, gèlè sì ni, kò sí àṣíborí. Ṣé kò séwu?
— Ọkọ Ìyàwó, Adátán

Ewu ń bẹ o, bọ̀ọ̀dá. Ìró àti ṣéènì kì í ṣọ̀rẹ́. Bí ṣéènì bá gbé etí ìró, ẹni tó ró o ló máa fà. Ní ti gèlè, ẹ rántí January 2009 tí wọ́n ní dandan ni àṣíborí fún ọlọ́kadà àti èrò rẹ̀, tí àwọn kan de igbá mọ́rí láti fi tan àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó. Gèlè kò sàn ju igbá lọ. Kí wọ́n wọ ṣòkòtò àti àṣíborí, kí wọ́n dì yín ní ìbàdí mú. Ìró àti gèlè, ẹ dì wọ́n sínú ọ̀rá, kí wọ́n wé e bẹ́ ẹ bá débẹ̀. Gèlè tí atẹ́gùn bá fẹ́ láti Láfẹ́nwá á ti di àkísà kó tó dé òde. Bí wọ́n bá bínú, ẹ ní èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀.