Èsì: Ìdí tí wọn kò fi sun òkú ẹni mímọ́ Alandi

Ẹ kú ìbéèrè. Ẹ ní kí ló dé tí àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù, tí wọ́n ń sun òkú, fi ń forí balẹ̀ níbi ibojì kan ní Alandi, ní Íńdíà. Lójú tiwọn, ẹni tó wà níbẹ̀ kò kú: ní ọdún 1296 ni Dnyaneshwar, tó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn yógì Nath (ẹgbẹ́ ẹlẹ́sìn Híńdù kan tó ń fi yógà, ìyẹn ìkóra-ẹni-níjàánu àti àṣàrò, wá ìwà pípé), wọ inú ilẹ̀ lọ láàyè, tó sì jókòó síbẹ̀ nínú àṣàrò tí wọ́n ń pè ní samadhi, wọ́n sì gbà pé inú àṣàrò náà ló ṣì wà títí di òní.

Èyí kò kan baálé ilé lásán o. Ẹni tó bá ti kọ ayé sílẹ̀, tàbí tí wọ́n bá gbà pé yógà ti sọ di pípé, nìkan ni wọ́n sábà máa ń sin ní ìjókòó, nítorí wọ́n gbà pé ara rẹ̀ ti mọ́ kọjá ohun tí iná ń wẹ̀.

Lọ́dọọdún, wọ́n máa ń gbé bàtà fàdákà Dnyaneshwar sórí kẹ̀kẹ́ tí akọ màlúù ń fà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn á sì fẹsẹ̀ rìn tẹ̀ lé e lọ sí Pandharpur, ìlú mímọ́ kan tó ní tẹ́ńpìlì. Ẹ má pe bàtà náà ní ohun ìrántí lójú wọn; Dnyaneshwar fúnra rẹ̀ ló ń rìn lọ.