Ọmọ Mi Ń Yíjú Sí Ariwo, Àmọ́ Kò Sọ̀rọ̀: Ṣé Kí N Ṣì Máa Wò Ó Ni?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọkùnrin mi ti pé ọdún 2 àti oṣù 8, kò tíì sọ̀rọ̀ tó yè kooro. Tó bá fẹ́ wọ bàtà á ní "bà-à", ẹsẹ̀ ló ń pè ní "ẹ-ẹ̀", kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìyẹn lọ. Tí ilẹ̀kùn bá gbá tàbí tí wọ́n bá tan jẹnẹrétọ̀ ó máa ń yíjú, torí ẹ̀ ni mi ò fi rò pé etí ni. Ìyá ọkọ mi ní bàbá ẹ̀ náà pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀, pé kí n fọkàn balẹ̀. Ẹlòmíì ní ahọ́n ẹ̀ ló so, ká lọ gé e lábẹ́. Nígbà tá a bí i ó ní jọ́ńdíìsì tó le gan-an, wọ́n gbé e sábẹ́ iná, wọ́n tún pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ fún un. Abẹ́òkúta là ń gbé. Kí ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o, mà. Ẹ má dúró mọ́ rárá, kódà oṣù kan sí i. Etí ni kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ahọ́n ọmọ yẹn, ohun tó sì jẹ́ kí n máa sọ ọ́ tagbára tagbára ni ọ̀rọ̀ jọ́ńdíìsì tẹ́ ẹ mẹ́nu bà yẹn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti jẹnẹrétọ̀. Ọ̀pọ̀ ìyá tó ń gbé ọmọ wá sọ́dọ̀ wa ló máa ń ní "ó ń gbọ́ o, tí nǹkan bá ti dún báyìí á yíjú", òótọ́ sì ni wọ́n ń sọ. Àmọ́ tí ilẹ̀kùn bá gbá, ilẹ̀ pàápàá ń mì, ara ọmọ á ti mọ̀ ọ́n kí etí tó dá sí i. Jẹnẹrétọ̀ náà, ohùn tó wúwo tó sì lọ sílẹ̀ ló ní, ọmọ tí etí ẹ̀ ò gbọ́ dáadáa ṣì lè gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ ẹnu yàtọ̀. Ohùn òkè, ohùn àárín, ohùn ìsàlẹ̀ tá a fi ń sọ Yorùbá, apá ibi tó wúwo yẹn ni wọ́n wà, wọ́n rọrùn láti gbọ́, àmọ́ s, ṣ, f, t, k tín-ín-rín, wọn ò sì lágbára, àwọn ló sábà máa ń kọ́kọ́ bọ́ mọ́ etí tó níṣòro lọ́wọ́. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n ń lu gángan lókèèrè, ẹ ń gbọ́ bó ṣe ń lọ sókè sódò àmọ́ ẹ ò mọ ohun tó ń wí. Ẹ wá wo "bà-à" àti "ẹ-ẹ̀" ọmọ yín: ohùn ẹ̀ pé, b tó wúwo wà níbẹ̀, t àti s ni ò sí. Lóòótọ́ ọmọdé máa ń gé ọ̀rọ̀ jẹ, ṣùgbọ́n ọmọ tó ń lọ sí ọdún 3, tó jẹ́ pé ìwọ̀nba tó mọ̀ nìyẹn, mi ò lè ní kẹ́ ẹ máa wò ó níran. Láti ọdún kan lọmọ ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í pe nǹkan lórúkọ, tó bá fi máa pé ọdún 2 ó yẹ kó ti máa so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀, bí "gbé mi", "mo yó".

Ti ahọ́n, ẹ jọ̀ọ́ mà, kí wọ́n má gé nǹkan kan. Ahọ́n tó so lè dí ọmú mímu lọ́wọ́, ó lè ba ìró kan tàbí méjì jẹ́ lẹ́nu ọmọ, àmọ́ kì í ní kí ọmọ má sọ̀rọ̀. Gígé abẹ́ ahọ́n àti gígé bèlúbèlú lọ́dọ̀ àwọn tó ń fi abẹ gé e nílé, ẹ̀jẹ̀ lè máà dá, kòkòrò lè gba ibẹ̀ wọlé, ọmọ ò sì ní tìtorí ẹ̀ sọ̀rọ̀. Ti bàbá ẹ̀ tó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀, ó lè rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀yìn tá a bá ti mọ̀ dájú pé etí ọmọ dáa la lè sọ ìyẹn.

Ó wá ku ti jọ́ńdíìsì. Ohun tó ń sọ ojú ọmọ di yẹ́lò yẹn, bilirubin ni wọ́n ń pè é, tó bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ á wọnú ọpọlọ, á sì ba ọ̀nà tí etí ń gbà ránṣẹ́ sí ọpọlọ jẹ́. Inú etí fúnra ẹ̀ lè wà bó ṣe yẹ kó wà o, kó jẹ́ pé iṣẹ́ tó ń rán ni ò débẹ̀ bó ṣe yẹ. Ìdí nìyí tó fi yẹ kẹ́ ẹ mọ orúkọ àyẹ̀wò méjì. OAE ni àkọ́kọ́, wọ́n á ti nǹkan rírọ̀ kékeré bọ etí ọmọ, á dún, etí tó dáa á dá ìró tó kéré gan-an padà, kì í pẹ́ rárá. Àmọ́ inú etí nìkan nìyẹn ń yẹ̀ wò. ABR ni ìkejì, wọ́n á lẹ nǹkan mọ́ iwájú orí àti ẹ̀yìn etí, wọ́n á máa wò ó bóyá ìró náà ń dé ọ̀dọ̀ ọpọlọ. Ọmọ tí jọ́ńdíìsì bá ṣe irú èyí lè yege OAE kó má sì gbọ́ ọ̀rọ̀! Tí wọ́n bá ṣe OAE nìkan tí wọ́n ní "etí ẹ̀ dáa, ẹ máa lọ", ẹ rọra dá wọn lóhùn pé wọ́n pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ fún ọmọ yìí nígbà tí wọ́n bí i, ABR lẹ fẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ lọ sí ẹ̀ka etí, imú àti ọ̀nà ọ̀fun ní Federal Medical Centre tó wà ní Ìdí-Àbà, tí wọn ò bá lè ṣe ABR, ẹ gba lẹ́tà lọ sí UCH n'Íbàdàn tàbí LUTH l'Ékòó, ẹ sì kọ́kọ́ pe ibi tẹ́ ẹ fẹ́ lọ kẹ́ ẹ bi wọ́n bóyá ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, kẹ́ ẹ má bàa fi owó ọkọ̀ ṣòfò. Dókítà á yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ìdọ̀tí ló dí etí tàbí omi ló wà lẹ́yìn ìlù etí, ìyẹn ṣeé tọ́jú. Ẹ sọ gbogbo ìtàn ọmọ fún un, ṣé ó tètè sunkún nígbà tẹ́ ẹ bí i, ṣé ó ti ní gìrì, yírùnyírùn, éèyi tàbí ṣegede rí, ṣé wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ gentamicin, ìyẹn oògùn apakòkòrò kan, torí gbogbo wọn ló lè kan etí.

Tí wọ́n bá ní kò gbọ́ dáadáa, ẹ má dá ara yín lẹ́bi. Ẹ̀rọ ìgbọ́ràn lè tó fún un, tí ò bá tó, wọ́n lè sọ̀rọ̀ nípa cochlear implant, ìyẹn ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi iṣẹ́ abẹ tẹ̀ sínú etí, tí ẹ̀kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ ọlọ́dún gbọọrọ sì ń tẹ̀ lé. Ẹ má ra ẹ̀rọ etí lójú títì tàbí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tí wọn ò fi èsì àyẹ̀wò ọmọ tò lè pariwo ju bó ṣe yẹ lọ kó tún ba ìyókù jẹ́. Bátìrì ẹ̀ kéré, ọmọ ò gbọ́dọ̀ gbé e mì, tó bá ṣèèṣì gbé e mì, ọsibítù lójú ẹsẹ̀. Ẹ má sì bẹ̀rù èdè àwọn adití. Láti 1960 tí Andrew Foster, tí òun fúnra ẹ̀ jẹ́ adití, ti dá ilé ẹ̀kọ́ adití sílẹ̀ n'Íbàdàn làwọn ọmọ wa ti ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀ tí wọ́n sì ń kàwé, kì í ní kí ọmọ ya ọ̀lẹ láti fẹnu sọ̀rọ̀. Ọmọ tí ò ní èdè kankan títí ó fi wọ ilé ìwé ni mo máa ń káàánú jù.

Nílé báyìí, ẹ pa tẹlifíṣọ̀n, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kójú yín àti tiẹ̀ ṣe mẹ́rin, kí iná mọ́lẹ̀ sí ẹnu yín, kẹ́ ẹ máa bá a sọ Yorùbá tó yọ̀ mọ́ yín lẹ́nu. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ pa Yorùbá tì kẹ́ ẹ máa sọ Gẹ̀ẹ́sì nìkan, ẹ má dá a lóhùn, èdè méjì kì í dí ọmọ lẹ́nu.

Lọ́jọ́ ABR, oorun ló dáa kó máa sùn tí wọ́n bá ń ṣe é. Ẹ jẹ́ kó pẹ́ sùn lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ jí i ní ìdájí, ẹ má sì jẹ́ kó tòògbé nínú mọ́tò. Tó bá jẹ́ oògùn oorun ni wọ́n máa fún un, ẹ ti béèrè ṣáájú ìgbà tó gbọ́dọ̀ jẹun kẹ́yìn, kẹ́ ẹ sì kó ìwé ọsibítù tó wà lọ́wọ́ yín láti ìgbà jọ́ńdíìsì yẹn dání.