Ẹ Bi Bàbá Ọlọ́dà: Nọ́ńbà eré ìje lára ọkọ̀ màmá ẹni

Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi fẹ́ fi ọkọ̀ ṣeré ìje ní Sátidé tó ń bọ̀, lórí pápá kan lẹ́yìn Tanke. A ò ní jọ sáré pọ̀ o. A máa to kóònù sílẹ̀, ọkọ̀ kan á gba àárín wọn kọjá, wọ́n á wo aago, òmíràn á tún bọ́ síbẹ̀. Wọ́n ní kí oníkálukú lẹ nọ́ńbà mọ́ ọkọ̀ rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Àwọn onísítíkà tí mo bá lójú ọ̀nà Táíwò pe ₦15,000, n ò sì ní in. Èyí tó tún le jù ni pé màámi ló ni Corolla dúdú yìí, wọ́n sì fẹ́ gbé e lọ síbi ìsọmọlórúkọ lọ́jọ́ Àìkú. Kí ni mo lè fi ṣe é tí kò ní hàn lára ọkọ̀ lẹ́yìn náà?
— Ọmọ Màmá, Ìlọrin

Màmá ẹ mọ̀ sí i, àbí wọn ò mọ̀? Ó dáa, n ò bi ẹ́ mọ́.

Pépà téèpù ni kí o rà, èyí tí àwa pẹ́ńtà fi ń bo etí gíláàsì kí ọ̀dà má baà ta sí i. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ọ̀dà ọkọ̀ ni wàá ti rí i. Gba èyí tó fẹ̀ ní ínṣì 2. Ó funfun bí ògì, ọkọ̀ tiyín sì dúdú, ó parí. Ká ní ọkọ̀ aláwọ̀ fàdákà ni, pépà téèpù á sọnù mọ́ ọn lára. Téèpù dúdú àwọn rẹ́wáyà ni ǹ bá ní kí o rà, kí o lẹ méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, torí ẹyọ kan ò fẹ̀ ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ínṣì lọ.

Kí nọ́ńbà ẹ tóbi o. Ẹni tó mú bírò àti ìwé dání létí pápá lò ń kọ ọ́ fún. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí eré àárín kóònù yìí ti gbilẹ̀, ẹgbẹ́ eléré ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní SCCA ní kí nọ́ńbà ga tó ínṣì 8 ó kéré tán, kí ìlà rẹ̀ sì fẹ̀ tó ínṣì 1¼. Rúlà ọmọ iléèwé, ínṣì 12 ni, fi wọ̀n ọ́n. Tó bá jẹ́ èmi, ínṣì 10 ni màá ṣe é.

Tí wọ́n bá gbà kí o mú nọ́ńbà fúnra ẹ, mú 1, 4 tàbí 7. Ìlà tààrà ni gbogbo wọn. Tó bá wá jẹ́ 8 tàbí 3 ni wọ́n fún ẹ, má ṣe gbìyànjú láti tẹ téèpù kọrọdọ. Ṣe é bí ti ojú kalikulétọ̀, tó jẹ́ ìlà méje ni wọ́n fi ń kọ 8. Má sì gé téèpù lórí ọkọ̀! Orí gíláàsì tàbí páálí ni kí o ti gé e. Mo ti rí ojú abẹ lára ilẹ̀kùn ọkọ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, kò sí pólíìṣì tó ń pa á rẹ́.

Kí o tó lẹ ohunkóhun, fi omi ọṣẹ fọ ibẹ̀, kí o nù ún gbẹ. Eruku Ìlọrin, pàápàá nígbà ọyẹ́, òun ni téèpù á lẹ̀ mọ́, kò ní lẹ̀ mọ́ ọkọ̀. Fi àtàǹpàkò tẹ etí tó kọjú síwájú dáadáa, ibẹ̀ ni atẹ́gùn máa ń gbà wọlé.

Ibi tó ṣòro ni ṣíṣí ẹ̀. Ní 1994, oníbàárà kan ní Gáà Akánbí ní kí n kọ orúkọ ọkọ àti ìyàwó sára Peugeot 504 òun nítorí ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀. Pépà téèpù tán lọ́wọ́ mi, mo bá fi téèpù páálí ṣe é. Sátidé ni ìgbéyàwó, ọkùnrin yìí ò gbé ọkọ̀ padà wá títí di Wẹ́sìdeè, oòrùn ti se téèpù mọ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bí mo ṣe fà á ni ọ̀dà ń tẹ̀ lé e. Wọ́n ti tún ọkọ̀ náà kùn rí, ọ̀dà òkè ò di ti ìsàlẹ̀ mú. Odidi bọ́nẹ́ẹ̀tì ni mo tún kùn lọ́fẹ̀ẹ́.

Nítorí náà, tí eré bá ti parí, ṣí i kí o tó gbé ọkọ̀ kúrò lórí pápá. Má já a fàì. Ká etí ẹ̀ padà sẹ́yìn, kí o máa fà á díẹ̀díẹ̀. Tí gọ́ọ̀mù bá kù, fi òróró tí wọ́n fi ń dín dòdò sórí àkísà, rọra fi pa á, kí o wá fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé tínà fún ẹ. Tínà ò mọ gọ́ọ̀mù yàtọ̀ sí ọ̀dà.

Èyí tó rọrùn jù ni omi funfun tí àwọn ọmọ iléèwé fi ń kun kánfáàsì wọn. Fi kọ nọ́ńbà sórí gíláàsì ilẹ̀kùn ẹ̀yìn láti ìta, omi àti kànìnkànìn á fọ̀ ọ́ kúrò. Gíláàsì nìkan o, má fi kan ọ̀dà. Tí òjò bá sì rọ̀ láàárín eré, nọ́ńbà ẹ ti lọ nìyẹn.

Bàbá Ọlọ́dà, ẹ ǹlẹ́ níbẹ̀ yẹn. Àbúrò mi ní Èkó fi nọ́ńbà onóòfà ránṣẹ́ sí mi fún irú eré yìí, ó pẹlẹbẹ bí rọ́bà. Ọ̀kan lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn ọ̀tún pinpin. Èkejì ò gbà rárá lósì, ṣe ló ń yọ̀ bọ́. Ṣé òòfà máa ń kú ni?
— Tíṣà, Ọ̀mù-Àrán

Tíṣà, òòfà yín ò kú. Ẹ gbé èyí tó ń yọ̀ bọ́ yẹn lọ sára ilẹ̀kùn ọ̀tún, ẹ ó rí i pé á lẹ̀. Fíláà, ohun tí wọ́n fi ń dí ibi tó bá tẹ̀ wọnú lára ọkọ̀ kí wọ́n tó kùn ún, ni wọ́n fi dí ilẹ̀kùn òsì. Irin wà lábẹ́ ẹ̀, àmọ́ ó ti jìnnà jù fún òòfà tí kò nípọn tó mìlímítà kan. Ẹni tó ta ọkọ̀ náà fún yín, ṣé ó ní kò forí sọ nǹkan kan rí? Òòfà ò lè lẹ̀ mọ́ bọ́ńpà náà, torí rọ́bà ni.

Níbi tó bá ti lẹ̀, ẹ nu ara ọkọ̀ àti ẹ̀yìn òòfà kí ẹ tó gbé e lé e, kí ẹ fi pépà téèpù de etí iwájú ẹ̀. Ẹ yọ ọ́ lálẹ́, torí omi àti iyanrìn tó bá há sábẹ́ ẹ̀ á họ ọ̀dà. Fún apá òsì, ẹ dán ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wò, tàbí ara fẹ́ńdà. Tó bá jábọ́ níbẹ̀ náà, ẹ kọ̀wé padà sí mi, ká jọ ka iye ibi tí wọ́n ti tún un ṣe.