Kí ni ìtumọ̀ "hang up", ibo ló sì ti wá?

Ó lè jẹ́ kéèyàn gbé aṣọ kọ́, ṣùgbọ́n èyí tí ẹ máa ń gbọ́ jù ni kéèyàn parí ìpè lórí fóònù. Láti ara fóònù àtijọ́ ló ti wá. Ní ìparí ọ̀rúndún 19, ara ògiri ni wọ́n máa ń kan fóònù mọ́, ìkọ́ kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tí ẹ bá sọ̀rọ̀ tán, ẹ ó gbé èyí tí ẹ fi sétí kọ́ sórí ìkọ́ náà. Ìwúwo rẹ̀ á fa ìkọ́ wálẹ̀, ìpè á sì já.

Ẹ kíyè sí "he hung up on me" o: ó gé fóònù mọ́ mi lẹ́nu ni, ìwà àfojúdi gbáà!